Àsọtẹ́lẹ̀ Kọ́, Ìfojúdíwọ̀n Ni: Ọ̀rọ̀ lórí Ewu Ìfarapa Àwọn Eléré Ìdárayá

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Bí ènìyàn bá wo iṣẹ́ àwọn oníṣègùn eré ìdárayá lónìí, yóò rí i pé orí òwe yìí ni wọ́n gbé e kà. Ìrètí wọn ni pé bí ó bá ṣeé ṣe láti mọ eléré ìdárayá tí ìfarapa ń bọ̀ wá bá, yóò ṣeé ṣe láti yẹ ìfarapa náà sílẹ̀ kí ó tó dé. Ní 1992, Willem van Mechelen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands la ọ̀nà mẹ́rin sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà: kí wọ́n kọ́kọ́ mọ bí ìfarapa ti pọ̀ tó, kí wọ́n wá ohun tí ó ń fà á, kí wọ́n gbé ìgbésẹ̀ ìdènà, kí wọ́n sì tún padà wọn ìfarapa náà láti mọ̀ bóyá ó dín kù. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń retí pé ìgbésẹ̀ kejì yóò bí agbára láti nàka sí ẹni tí yóò fara pa. Ìrètí náà kò tíì ṣẹ.

Ohun méjì ni ó wà nínú òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èkíní, ogun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó ṣeé gbọ́ tẹ́lẹ̀ ní tòótọ́. Èkejì, arọ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ẹni tí ó wá ròyìn ogun fún un. Ìjiyàn lórí èkíní jẹ́ ti àwọn oníṣègùn. Èkejì ni ó kan àwọn olùkọ́, àwọn ògbufọ̀ àti àwọn onímọ̀ èdè. Èrò tí ó wà nídìí àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀rọ̀ náà, àsọtẹ́lẹ̀, tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ògbufọ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ túmọ̀ iṣẹ́ yìí, kò bá a mu rárá. Pé ó ń ṣèlérí ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ní. Àti pé ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ni yóò jìyà àṣìṣe náà.

2. Ọmọ Máfolúkù àti ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ní ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ní Máfolúkù, ní agbègbè Òṣòdì ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ̀gbẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ni àwọn ènìyàn ń gbé. Bí ọkọ̀ òfurufú bá ń gbéra, ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì lè gbójú sókè wò ó, nítorí pé ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ ni ó ń retí pé ẹsẹ̀ òun yóò gbé òun dé. Pápá tí ó ní koríko ṣọ̀wọ́n ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, bí ó ti ṣọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó. Òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, ni wọ́n fi ń ṣe ojú ilé; mọ́ńkí pósìtì ni wọ́n ń pe eré náà. Sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá jẹ gọ́ọ̀lù yóò jáde fún òmíràn, sẹ́ẹ̀tì tí ó borí yóò dúró. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ni ó máa ń pẹ́ jù lórí ọ̀dà. Ẹsẹ̀ tí ó dára jù ni ó ń ṣiṣẹ́ jù, òun kan náà ni ó sì ń rí ìyà jù.

Bí ó bá di ọjọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó ní dókítà, wọn yóò fún un ní fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan wà nínú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ: ṣé ó ti fara pa rí? Ó ṣe pàtàkì nítorí pé nínú gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò, ìfarapa àtẹ̀yìnwá wà lára àwọn tí ẹ̀rí wọn fìdí múlẹ̀ jù lọ. Ẹni tí iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ ti ya rí wà nínú ewu pé kí ó tún ya ju ẹni tí tirẹ̀ kò ya rí lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọrùn ẹsẹ̀ tí ó ti rọ́ rí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò dáhùn pé rárá. Ìdí méjì ni ó lè fà á. Ìdí kìíní ni ìbẹ̀rù: ẹni tí ó ń wá àyè kì í fi ọgbẹ́ rẹ̀ han ẹni tí ó ni àyè. Ìdí kejì jẹ́ ti èdè, òun ni ó sì fara sin jù. Létí ọ̀pọ̀ ọmọ, kí ènìyàn fara pa ni kí egungun kán, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ teguntegun. Ọrùn ẹsẹ̀ tí ó wú fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n fi Abonikí wọ́, tí wọ́n sì fi omi gbígbóná tẹ̀, kò sí nínú ohun tí ó ń pè ní ìfarapa. Ẹsẹ̀ kàn dùn ún nígbà kan ni. Kò purọ́ rárá. Ìbéèrè ni kò kan ibi tí ìdáhùn wà. Láti orí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ewu rẹ̀.

3. Kí ni ìfarapa?

Kì í ṣe pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Egungun lè ṣẹ́, ó lè kán, ó sì lè fọ́. Oríkèé a máa yẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ a máa rọ́. Iṣan lè ya, ó lè fà, ó sì lè so. Awọ ara lè bó, ó sì lè gé. Ibi tí wọ́n gbá lè wú tàbí kí ẹ̀jẹ̀ kú síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan ní irú ẹ̀yà ara tí ó ń bá rìn àti irú ìyà tí ó ń sọ. Teguntegun tí kò lọ sí ilé-ìwé kan mọ ìyàtọ̀ láàárín eegun tí ó yẹ̀ àti eyí tí ó ṣẹ́, ó sì ń tọ́jú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, tí gbogbo ènìyàn yóò sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ̀ tó.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè pàápàá ní irú ìṣòro yìí. Ọdún pípẹ́ ni olúkúlùkù wọn fi ń ka ìfarapa lọ́nà tirẹ̀, títí di 2006 tí àwọn onímọ̀ ìwádìí lórí bọ́ọ̀lù fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. Wọ́n gbà pé ohunkóhun tí agbábọ́ọ̀lù bá fi ara rẹ̀ ráhùn lé lórí, tí ó ti inú ìdíje tàbí ìgbáradì wá, ìfarapa ni, ìbáà gba ìtọ́jú tàbí kí ó má gbà á. Wọ́n sì fi ọjọ́ wọn bí ó ti le tó: ọjọ́ 1 sí 3 jẹ́ ìwọ̀n kan, ọjọ́ 4 sí 7 jẹ́ òmíràn, ọjọ́ 8 sí 28 jẹ́ ẹ̀kẹta, èyí tí ó bá sì ju ọjọ́ 28 lọ ni wọ́n kà sí líle gan-an. Wọn kò fi orúkọ àrùn tàbí bí ó ti dùn tó ṣe òṣùwọ̀n; iye ọjọ́ tí ẹni náà fi jókòó ni wọ́n kà.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ògbufọ̀. Bí ó bá túmọ̀ ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù náà sí "Ǹjẹ́ o ti fara pa rí?", ó ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí yóò mú òótọ́ wá ni "Ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí ibì kan ní ara rẹ mú kí o má lè gbá bọ́ọ̀lù? Ọjọ́ mélòó ni?" Ọmọ Máfolúkù tí kò fara pa rí yóò rántí ọ̀sẹ̀ méjì tí ó fi jókòó lórí àpáta tí ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó dà bí èyí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ògọ́sítì, 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ ní pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù láti lọ sí ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti 1990. Kò dìde mọ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnikẹ́ni kò gbá a. Àìsàn ni èyí, kì í ṣe ìfarapa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí pápá ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 1996 ẹ̀wẹ̀, lẹ́yìn tí Nwankwo Kanu ti ṣe balógun ẹgbẹ́ tí ó gba wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta, àyẹ̀wò tí ẹgbẹ́ Inter Milan ṣe fún un fi hàn pé ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn inú ọkàn rẹ̀ ní àbùkù. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún náà, ó padà sórí pápá ní 1997, ó sì dá ẹgbẹ́ aláàánú sílẹ̀ ní 2000 láti máa ran àwọn tí ó ní àrùn ọkàn lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń tọ́ka sí ìtàn Kanu pé àsọtẹ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà Inter kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó ti wà nínú ara ni wọ́n rí. Kí ènìyàn rí ihò lára ọkọ̀ ojú omi yàtọ̀ sí kí ó sọ ọjọ́ tí ìjì yóò dojú ọkọ̀ tí kò ní ihò dé. Àwárí ni ti àkọ́kọ́, ó sì yẹ kí orúkọ rẹ̀ máa jẹ́ àwárí. Èkejì ni ó nira.

4. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Ìdí tí ó fi nira ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní 1994, Willem Meeuwisse ṣàlàyé pé ohun tí ó wà nínú ara eléré, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí, agbára iṣan àti ìfarapa àtẹ̀yìnwá, máa ń pàdé ohun tí ó wà lóde, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀, bàtà, ojú ọjọ́ àti ẹni tí ó ń bá a figagbága. Kò tíì tó. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan gbọ́dọ̀ tún ṣẹlẹ̀ lójijì: ìyípo kan, ìfòsókè kan, ìfarakanra kan. Ní 2007, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣe. Wọ́n ní kò sí eré kan tí kì í yí ewu eléré padà. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù lónìí láìfara pa, ara rẹ̀ lè le sí i, ó sì lè rẹ̀ sí i. Ní 2016, Natália Bittencourt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brazil fi ọ̀rọ̀ náà wé àwọ̀n: okùn kan so mọ́ òmíràn, bí wọ́n bá sì fa ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni yóò mì.

Fún ọmọ Yorùbá, ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Babaláwo kì í dá Ifá lẹ́ẹ̀kan kí ó sì di ọdún tí ń bọ̀. Àyẹ̀wò tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tí wọ́n sì tì mọ́ inú àpótí títí di ìparí sáà, kò gbọ́n tó ẹni tí ó ń dífá ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ ń ṣe àyẹ̀wò lójoojúmọ́, ohun kan yóò ṣẹ́kù. Ní oṣù Méè 2025, Táíwò Awóníyì tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nottingham Forest sáré lu ọ̀pó ojú ilé nínú ìdíje pẹ̀lú Leicester City. Inú rẹ̀ fara pa débi pé wọ́n ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ kánkán. Kò sí òṣùwọ̀n iṣan tàbí ìwọ̀n àárẹ̀ tí ì bá sọ pé ọ̀pó yóò wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà. Ní 2022, Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, fi orúnkún fara pa ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje ife ẹ̀yẹ àwọn obìnrin Áfíríkà ní Mòrókò, kò sì lè bá ìdíje náà lọ. Àwọn onímọ̀ mọ̀ pé okùn àárín orúnkún àwọn obìnrin agbábọ́ọ̀lù máa ń já ju ti ọkùnrin lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n nípa ogunlọ́gọ̀ obìnrin, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè sọ fún obìnrin kan ṣoṣo pé tirẹ̀ yóò já ní ọjọ́ báyìí.

Àwọn ìṣòro ti ilé tún wà lórí èyí. Ọjọ́ orí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣírò ewu, ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ orí inú ilé, ọ̀tọ̀ ni ti bọ́ọ̀lù. Ní 2009, nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, FIFA fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ láti mọ ẹni tí ó ti dàgbà jù. Bí ọjọ́ orí bá jẹ́ irọ́, tí ìfarapa àtẹ̀yìnwá sì fara sin, ìṣirò tí wọ́n bá kọ́ lé wọn lórí kò lè dúró, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ tí ó ṣe é gbọ́n tó.

5. Ọmọ 100, ìkìlọ̀ 39

Ní 2016, Roald Bahr, oníṣègùn ará Norway, kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn eré ìdárayá ti Gẹ̀ẹ́sì, nínú èyí tí ó sọ pé àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yóò fara pa kò ṣiṣẹ́, àti pé ó ṣeé ṣe kí ó má ṣiṣẹ́ láéláé. Inú àwọn kan kò dùn sí i, ṣùgbọ́n àlàyé rẹ̀ kò ju ìṣirò tí olùkọ́ lè fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé gírámà lọ. Àpẹẹrẹ yìí, tí ó jẹ́ àfinúrò, yóò fi í hàn.

Kí a sọ pé ọmọ 100 ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kan, àti pé 20 nínú wọn ni yóò fara pa kí sáà tó parí. Kí a tún sọ pé àyẹ̀wò kan wà tí ó dára púpọ̀: nínú 20 tí yóò fara pa, yóò rí 15, nínú 80 tí kò ní fara pa, yóò sọ òótọ́ nípa 56, yóò sì ṣàṣìṣe lórí 24. Lójú ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́, àyẹ̀wò yìí kò burú. Ṣùgbọ́n iye ọmọ tí ó kìlọ̀ fún jẹ́ 15 àti 24, èyí tí í ṣe 39. Nínú 39 yìí, 15 péré ni yóò fara pa. Àwọn 24 ìyókù gba ìkìlọ̀ lásán. Nínú 61 tí wọ́n sì sọ fún pé kò séwu, ọmọ 5 yóò fara pa pẹ̀lú ìdánilójú lọ́wọ́.

Bí ìkìlọ̀ náà kò bá ju pé kí ọmọ máa na ara rẹ̀ dáadáa, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ eré bá mú un gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́, tí ó sì lé àwọn 39 náà kúrò, ọmọ 24 ti pàdánù ọjọ́ ọ̀la wọn nítorí ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀. Ibi yìí gan-an ni orúkọ tí wọ́n fún àyẹ̀wò náà ti di ọ̀ràn ńlá.

6. Ìdí tí àsọtẹ́lẹ̀ kò fi bá a mu

Àsọtẹ́lẹ̀ ní ilé tirẹ̀ ní èdè Yorùbá, ilé náà sì ti kún. Láti ìgbà tí wọ́n ti túmọ̀ Bíbélì ni ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ wòlíì. Àsọtẹ́lẹ̀ a máa ṣẹ tàbí kí ó má ṣẹ; bí kò bá ṣẹ, èké ni ẹni tí ó sọ ọ́. Kò sí àsọtẹ́lẹ̀ tí ó ṣẹ ní ìdá 15 nínú 39. Ní àdúgbò tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí pọ̀, tí ìyá ọmọ sì ń gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ láti ẹnu aríran, bí dókítà bá sọ pé àsọtẹ́lẹ̀ òun ni pé orúnkún ọmọ náà yóò já, ìyá náà yóò kùnlẹ̀ àdúrà, yóò sì fagi lé e lórúkọ Olúwa. Kò ṣe àṣìṣe kankan. Bí wọ́n ti ń dá àsọtẹ́lẹ̀ búburú lóhùn nìyẹn. Ohun tí dókítà fẹ́ kí ó ṣe, ìyẹn ni pé kí ọmọ sinmi ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ewu kejì tún burú ju èyí lọ. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Bí ẹni tí ó sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìfarapa bá rí i kí ìfarapa náà dé lóòótọ́, kì í ṣe ọgbọ́n ni wọn yóò kà sí i lọ́rùn. Òwe yìí kan náà sì kọ́ àwọn onímọ̀ ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé: kí ohun méjì tẹ̀ lé ara wọn kò fi hàn pé ọ̀kan ni ó fa èkejì. Láti 2016 ni òkìkí ìṣirò kan ti Tim Gabbett ti kàn, èyí tí ó ń pín iṣẹ́ tí eléré ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ìwọ̀n tí ó máa ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n ní bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà bá ga ju ìwọ̀n ìyókù lọ púpọ̀, ewu ń bọ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn, tí Franco Impellizzeri wà lára wọn, sì ti fi hàn pé ìṣirò náà ní àléébù, àti pé ìbátan tí ó ń fi hàn kò tó láti pè ní okùnfà. Igbe àjẹ́ àná ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé rédíò ń lo àsọtẹ́lẹ̀ fún ojú ọjọ́, àti pé ó ti mọ́ àwọn ènìyàn lára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò kò ní inú tí yóò bàjẹ́ bí wọ́n bá sọ pé yóò rọ̀ tí kò sì rọ̀. Kò sí ẹni tí yóò lé òjò kúrò nínú ẹgbẹ́. Àwọn mìíràn lè ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Èyí kò gba. Láti 1970 tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa darí, ó ti hàn pé ọmọ lè fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Nígbà tí ìdìpọ̀ kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984 lábẹ́ ìṣe olóòtú Ayọ̀ Bámgbóṣé, ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó wà fún. Ìmọ̀ ara ènìyàn àti eré ìdárayá náà tọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

7. Àbá lórí àwọn ọ̀rọ̀

Fún iṣẹ́ tí àwọn oníṣègùn ń ṣe yìí, ìfojúdíwọ̀n ni ó yẹ. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ẹni tí ó bá fojú díwọ̀n iṣu mọ̀ pé òun lè ṣì í díẹ̀, ẹni tí ó ń bá a nájà náà sì mọ̀. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní èké bí iṣu bá fi díẹ̀ kéré. Àìdánilójú ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà láti ilé, ìwọ̀n sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ìfojúdíwọ̀n ewu ìfarapa ni orúkọ iṣẹ́ náà.

Ewu nìkan kò tó fún ohun tí wọ́n ń díwọ̀n. Ihò tí ó wà lójú ọ̀nà jẹ́ ewu. Bí ó ti lè rí kí ènìyàn jìn sínú rẹ̀ jẹ́ ohun mìíràn. Ìwọ̀n ìṣeéṣe ewu ni ó pé, bí ó tilẹ̀ gùn. Bí àyíká ọ̀rọ̀ bá ti fi í hàn, a lè gé e kúrú sí ìwọ̀n ewu.

Ohun tí ó ń mú kí ìwọ̀n ewu pọ̀ sí i kò yẹ kí ó jẹ́ okùnfà, nítorí pé okùnfà ń sọ pé òun ni ó fà á. Ó rọrùn láti pè é ní abùkún-ewu, ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ni ìbùkún ti wá, òǹkàwé yóò sì dúró láti ṣe àmín. Àlékún-ewu sàn jù. Ìfarapa àtẹ̀yìnwá jẹ́ àlékún-ewu. Ọ̀pó tí ènìyàn lù ni okùnfà.

Fún ọmọ 24 tí wọ́n kìlọ̀ fún lásán, ìkìlọ̀ òfo ni orúkọ tí ó bá a mu. Fún ọmọ 5 tí wọ́n sọ fún pé kò séwu, ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹ̀tàn ni. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì wà nínú ìwé tí wọ́n bá fi kọ́ olùkọ́ eré, kí ó lè mọ̀ pé àyẹ̀wò kò lè ṣe aláìní wọn. Fún àyẹ̀wò tí ó ń wá ohun tí ó ti wà nínú ara, bí irú ti Kanu, àyẹ̀wò àwárí ni kí ó máa jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà dà á pọ̀ mọ́ ìfojúdíwọ̀n.

8. Ohun tí wọ́n ti rí ní Èkó

Bí kò bá ṣeé ṣe láti mọ ẹni tí yóò fara pa, ǹjẹ́ iṣẹ́ ti parí? Rárá. Ìròyìn ayọ̀ tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí ti Èkó wá. FIFA ṣe ètò ìmárayá kan tí ó ní eré ìdárayá 15 nínú, tí ó sì ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Ní Norway, nínú ìwádìí tí ó jáde ní 2008, àwọn ọmọbìnrin tí ó ju 1,800 lọ ni wọ́n fi dán an wò, ìfarapa sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Oluwatoyosi Owoeye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá dán an wò láàárín àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́ ti Èkó. Ẹgbẹ́ 20 ni ó kópa, ọmọ 416. Ìdajì ẹgbẹ́ ṣe ètò náà, ìdajì kejì ń bá ìṣe wọn àtijọ́ lọ. Ìwádìí náà jáde ní 2014: láàárín àwọn tí ó ṣe é, ìfarapa fi ìdá 41 nínú 100 dín kù, ti itan, orúnkún àti ẹsẹ̀ sì fi ìdá 48 dín kù.

Ó yẹ kí òǹkàwé kíyè sí i pé kò sí ẹni tí wọ́n nàka sí nínú iṣẹ́ yìí. Wọn kò yọ ẹnì kan sọ́tọ̀ pé òun ni yóò fara pa. Gbogbo ọmọ inú ẹgbẹ́ ni ó ṣe é, ewu gbogbo wọn sì dín kù. Ìmọ̀ tí kò tó láti dá ẹnì kan lẹ́jọ́ tó láti dáàbò bo ọ̀pọ̀.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ògbufọ̀ ti wúlò jù. Ohun tí ètò náà ń kọ́ ọmọ kò ju pé kí ó mọ bí yóò ti fò, bí yóò ti bà sílẹ̀, àti bí yóò ti yí padà. "Bí o bá bà sílẹ̀, tẹ orúnkún rẹ díẹ̀; má ṣe jẹ́ kí ó kó wọ inú." Yorùbá tí ó yé ọmọ ọdún 14 lójú ẹsẹ̀ nìyẹn, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Kò gba ẹ̀rọ, kò gba pápá oníkoríko; a lè ṣe é láàárín òkúta mẹ́rin ní Máfolúkù.

9. Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ó wà nílẹ̀ kò le láti kà. Kí àwọn tí ó ń túmọ̀ ìwé ìlera fi àsọtẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún wòlíì, kí wọ́n sì mú ìfojúdíwọ̀n. Kí wọ́n béèrè ọjọ́ tí ọmọ fi jókòó dípò kí wọ́n béèrè bóyá ó fara pa. Kí olùkọ́ eré mọ̀ pé ìwọ̀n ewu kì í ṣe ìdájọ́, àti pé ó ń yí padà bí ọjọ́ ti ń yí. Kí àwọn tí ó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ní èdè Yorùbá fi ọmọ 100 àti ìkìlọ̀ 39 kọ́ wọn, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yẹn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé àyẹ̀wò kan ṣoṣo lé òun kúrò lórí pápá.

Arọ tí ó gbọ́n kò dúró de ẹni tí yóò sọ orúkọ ọjọ́ tí ogun yóò wọ ìlú. Ó gbọ́ pé ogun wà ní agbègbè, ó sì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ. Ohun tí ó ní láti gbọ́ kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ ní èdè tí ó yé e.